Sàréè Tó Ń Jẹ́ Nọ́ńbà

Ní Accra, òkú ní póstà. Lópin ọ̀sẹ̀, kò sí ògiri tí ẹ máa kọjá lára rẹ̀ tí olóògbé kan kò ní máa wò yín, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ, àbúrò àti àna, títí dórí àwọn tó wà ní London. Ní Teshie, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilé iṣẹ́ Kane Kwei ń gbẹ́ pósí tó dà bí ẹja fún apẹja, èyí tó dà bí mọ́tò fún dírẹ́bà. Ìlú yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ọlọ́pàá ti máa ń kéde, láti ìgbà dé ìgbà, pé òun fẹ́ kó àwọn òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà sin papọ̀.

Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sì ni ẹbí tètè máa ń pa tì. Ní 1888, ìjọba Òyìnbó sọ ilé ẹjọ́ àtijọ́ ní Victoriaborg di ibi tí wọ́n ń há àwọn aṣínwín mọ́. Ní 1906, wọ́n kó wọn lọ sílé tuntun. Asylum Down ni gbogbo Accra ń pe àdúgbò ilé tuntun náà títí dòní. Àwọn dókítà ibẹ̀ ti ké gbajarè títí nípa ẹbí tó gbé aláìsàn wá, tó fi àdírẹ́sì irọ́ sílẹ̀, tó sì sá lọ. Ara aláìsàn yá tán, kò rílé padà sí. Tó bá wá kú sí wọ́ọ̀dù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá náà. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde ní Ghana. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé. Mo máa ń rò ó pé nínú kíákíá yẹn, ta ló ráyè lọ mú èèyàn rẹ̀ tó wà ní Asylum Down?

Ibi tí wọ́n ti wá irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ rí ni Crownsville, ní Maryland, Amẹ́ríkà. Ní 1911, wọ́n kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 12 wọgbó pé kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa há wọn mọ́. Aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi máa di 1955, aláìsàn ibẹ̀ ti lé ní 2,700. Ọdún náà ni Elsie kú síbẹ̀, ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ṣèwádìí kárí ayé. Ọmọ ọdún 15 ni. Sàréè tó wà lórí ilẹ̀ náà lé ní 1,700: òkúta kékeré, nọ́ńbà lára rẹ̀, ó parí.

Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa ní 2004. Janice Hayes-Williams, ọmọ Annapolis tó ń kọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú rẹ̀, ló dìde láti wá orúkọ. Kò mú ṣọ́bìrì. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ni òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ wọ̀, wọ́n ń tú ìwé ẹ̀rí ikú lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni wọ́n kọ Crownsville sí, níbo ni wọ́n sin ín sí? Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe èrò jọ sí itẹ́ òkú náà, tí wọ́n ń pe àwọn tó sùn síbẹ̀ lórúkọ, ketekete.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Milledgeville, ní Georgia, ní Amẹ́ríkà kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 25,000 aláìsàn ni wọ́n gbà pé ó sùn síbẹ̀, irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló wà lórí sàréè. Láàárín àwọn ọdún 1960, irin náà ń dí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko lọ́wọ́, wọ́n bá fà á tu. Ẹ má pè é níkà. Wọ́n kàn fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni. Nígbà tí àwọn tó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí fúnra wọn débẹ̀ ní 1997, kò sẹ́ni tó mọ sàréè tó ni irin wo mọ́. Wọ́n to bíi 2,000 nínú irin náà jọ sójú kan, gẹ́gẹ́ bí ìrántí.

Òfin tí Ghana ṣe ní 2012 lórí ìlera ọpọlọ dáàbò bo ẹni tó wà láàyè. Ti àwọn tó ti kú, ọwọ́ ìwé ló wà. Ní Accra, PRAAD, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ghana, ló ń tọ́jú ìwé ìjọba Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi ti Crownsville níbí, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbà, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1888.