Ẹrù Ilé Yàtọ̀ sí Ọjà: Ọ̀rọ̀ Owó Orí Lórí Ohun Àtijọ́ Tí A Tà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Inú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Ẹdẹ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kan, màmá kan tí wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń ta ata ní Ọjà Tìmì, wọlé tọ̀ wá wá, wọ́n mú káàdì ìdáwó wọn lọ́wọ́. Wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi yọ owó mi, gbogbo rẹ̀ pátá." A ní, "Ẹ jókòó ná, Màmá. Kí ló dé?" Ni omi bá lé ròrò sí wọn lójú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ọkọ màmá ti di olóògbé. Wọ́n fi àpótí méjì sílẹ̀ tó kún fún àwo orin: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, I. K. Dairo, Àyìnlá Ọmọwúrà. Ọmọ wọn tó kéré jù ya àwọn àwo náà ní fọ́tò, ó gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣé àwọn èèyàn wà ní Èkó àti lókè òkun tí wọ́n ń fi owó gidi wá irú rẹ̀. Àwo mọ́kànlélógójì ló tà, ₦615,000 sì wọ inú àkáǹtì màmá. Inú wọn dùn, wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ san owó iléèwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí fi pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní àwọn ti rí owó tó wọlé. Ó ní owó orí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, pé bí màmá kò bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan kí ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ, àwọn yóò ti àkáǹtì wọn pa, àwọn yóò sì wá gbé wọn. Ìdí nìyẹn tí màmá fi fẹ́ yọ owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án dá jọ díẹ̀díẹ̀.

A kò ní purọ́ fún yín. Àwa pàápàá kò mọ èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ti gbọ́ pé òfin owó orí tuntun ti dé, ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Táyé yàtọ̀ sí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Kẹ́hìndé. A ṣáà mọ̀ pé owó ìjọba kì í gba inú àkáǹtì ẹnì kan. A bẹ màmá kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ díẹ̀. A lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ owó orí, a sì jókòó ti òfin náà. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí, nítorí kì í ṣe màmá nìkan ló ń ta nǹkan lórí fóònù nínú ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀rù owó orí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Àwọn àgbà wa rántí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn àti ní àwọn ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn kọ̀ láti san owó orí tí apá wọn kò ká, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Láti ìgbà náà, bí a bá pe "owó orí", ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń dáhùn. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ òfin, ẹnikẹ́ni ló lè fi òfin dẹ́rù bà á.

Ohun tí òfin wí

Kì í ṣe òní ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí èrè ohun ìní tí ènìyàn tà. Òfin rẹ̀ ti wà láti 1967. Kí òfin yẹn tó kógbá sílé, ₦10 ni ìjọba ń gbà nínú ₦100 èrè. Ní ti ẹrù tí a lè gbé, òfin yẹn yọ̀ǹda ẹni tí àpapọ̀ ohun tó tà láàárín ọdún kan kò bá ju ₦1,000 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà mọ ohun tí ₦1,000 lè rà lónìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Òfin tuntun yìí gbé ₦1,000 yẹn kúrò, ó fi ₦5,000,000 rọ́pò rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí o bá ta ẹrù ara rẹ, bí àwo orin, aago àtijọ́, aṣọ òkè ìyá rẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀, tí àpapọ̀ owó tí o tà wọ́n lọ́dún kò ju ₦5,000,000 lọ, o kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lórí èrè rẹ̀. Òfin yìí kan náà yọ̀ǹda ilé tí ènìyàn ń gbé fúnra rẹ̀ tó bá tà á, àti ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀, títí dé méjì lọ́dún.

Bí owó ẹrù náà bá wá ju ₦5,000,000 lọ ńkọ́? Èrè ni ìjọba ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ẹ yọ iye tí ẹ rà á kúrò, ẹ yọ ìnáwó tí ẹ ṣe kí ẹ tó rí i tà kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù ni èrè, òun ni a ó ṣírò mọ́ owó mìíràn tó wọlé fún yín lọ́dún náà.

Nítorí náà, màmá tó ta àwo ₦615,000 kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ẹrù ilé tàbí ọjà?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí òun náà ń ta àwo orin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ ló ń tà. Láti ilé dé ilé ló ń lọ, ní Ẹdẹ níhìn-ín, ní Ìwó, ní Òṣogbo, ó ń rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó ń nù ún, ó sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá, ó fò sókè, ó ní, "A dúpẹ́ o! Èmi náà ò jẹ nǹkan kan nìyẹn."

A ní, "Dúró ná, àbúrò." Ti màmá yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹrù ilé ni màmá tà, ọjà ni òun ń tà. Àwo kan náà lè jẹ́ ẹrù ilé lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó jẹ́ ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé: nígbà tí mo ra nǹkan yìí, ṣé kí n lò ó ni, tàbí kí n tà á? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni mo tà á tán, tàbí mo tún padà lọ rà sí i? Ṣé mo fi owó sílẹ̀ fún un bí olówò ṣe ń ṣe? Ohun tí o rà láti tà, ọjà ni, ì báà jẹ́ àwo, ì báà jẹ́ tọ́rọ́ àti sísì tí a ń ná kí náírà tó dé ní 1973. Yíyọ̀ǹda ₦5,000,000 yẹn kì í ṣe ti oníṣòwò.

Àmọ́ kí oníṣòwò náà má ṣe fòyà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ta ọjà ₦3,900,000 lọ́dún. Iye tó ra àwọn àwo náà, owó ọkọ̀, owó ìfiránṣẹ́, owó dátà àti owó tí àwọn tó ni ibi ìtajà yọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,700,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,200,000. Ó ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin fún un láyè kí ó yọ ìdá márùn-ún owó ilé náà, èyí ni ₦60,000 (kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ fún ẹnikẹ́ni). Ó ku ₦2,140,000. Nínú èyí, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Lórí ₦1,340,000 tó kù, ₦15 ni ìjọba yóò gbà nínú ₦100. Owó orí rẹ̀ fún odidi ọdún kan jẹ́ ₦201,000.

Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tó ń pa ènìyàn. Ẹni tí kò bá kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò jìyà, nítorí kò ní rí ohun tó máa fi hàn pé ₦1,700,000 ti jáde lọ́wọ́ òun.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìlú onílù ni ìlú wa. Ọba wa, Tìmì Adétóyèsè Láoyè, tí wọ́n wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, a máa fúnra wọn lu dùndún, ayé sì mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdẹ ló ní ìlù, ère ìbejì, ọ̀pá tàbí ọpọ́n Ifá tó ti ọwọ́ àwọn baba ńlá wá. Ẹ gbọ́ o: ọ̀rọ̀ èyí kọjá owó orí. Òfin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 sọ pé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí a ti lò rí nínú ètò ìbílẹ̀, láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. A kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Yàtọ̀ sí òfin, ohun ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó tà á ní ₦200,000 lónìí lè máà lè dá ẹbí lóhùn lọ́la.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bá tà lókè òkun

Àwọn kan nínú wa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó bá wọn tà á lórí eBay. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, irú ibi ìtajà bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ ẹni tó bá ta ohun 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún, tàbí ẹni tí owó ọjà rẹ̀ bá ju nǹkan bí £1,700 lọ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ibẹ̀. Kíkọ orúkọ kì í ṣe owó orí o. Níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ya ẹrù ara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára òwò: ẹrù ara ẹni tí a tà ní £6,000 tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní owó orí, ẹni tó ń ṣòwò náà sì ní £1,000 àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ yín ló wà nínú ìwé wọn. Ẹ kọ lẹ́tà fún un, kí ẹ kọ ohun tó bá yín tà, ọjọ́ tí ẹ fún un àti iye tó fi ránṣẹ́ padà, kí ó lè ní ohun tó máa fi dáhùn.

Ohun tí a rọ̀ yín láti ṣe

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ tà, iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ tà á, ọjọ́ rẹ̀ àti ìnáwó orí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Nọ́ńbà NIN yín ni nọ́ńbà owó orí yín báyìí. Ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín "ṣe" é, ẹ má sì kà á fún ẹni tó pè yín lórí fóònù.

Ìpínlẹ̀ tí a ń gbé ló ń gba owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Ọ̀ṣun ni tiwa. Oníṣòwò ní láti fi ìṣirò owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Owó ìjọba, àkáǹtì ìjọba ló ń lọ, rìsíìtì ìjọba ló sì ń ti ibẹ̀ jáde.

Irọ́ ni pé ìjọba ń yọ owó orí nínú gbogbo owó tí a bá fi ránṣẹ́ ní báńkì. ₦50 tí ẹ ń rí lórí owó tó bá tó ₦10,000, owó èdìdì ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí ẹ̀rù kó owó yín padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti màmá, ẹni náà tún pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀. Màmá dá a lóhùn pé, "Ó dáa, ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, kí ẹ mú ìwé yín dání, Akọ̀wé ń dúró dè yín." Ó já fóònù mọ́ wọn létí, kò sì tún pè mọ́. Owó màmá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ títí di òní.

Bí a bá pe ẹnikẹ́ni nínú yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá rí wa. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù tó bá ń ta nǹkan lórí fóònù mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, kí a jọ ṣírò rẹ̀ pọ̀.