Ìdánwò àti Ìdẹwò: Bí Ìgbàgbọ́ Ti Ń Ṣẹ́gun

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Láti Ṣàgámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, kò sí ọmọ ìjọ kan tí ìdẹwò kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń bá a jà láì mọ ohun tí ń jẹ́ ìṣẹ́gun. A rò pé bí ènìyàn bá ti gbàgbọ́, ibi kì yóò dé ilé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ibi bá sì dé, a ó wí pé ìgbàgbọ́ kùnà. Àṣìṣe yìí ni ó ń mú kí ẹlòmíràn lọ sí ojúbọ ní òru, kí ó sì jókòó ní ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa ń wí. Orúkọ méjì ni a ní: ìdánwò àti ìdẹwò. Ẹni tí ó ra àdá tuntun a dán an wò lára igi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí àdá náà ṣẹ́, bí kò ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ bí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń dẹ, ohun tí ó fẹ́ mú ni ó ń dẹ. Ìdẹ ni apẹja fi sí ẹnu ìwọ̀, ẹja kò sì rí ìwọ̀. Oúnjẹ ni ó rí. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Àìsàn tí ó wọ inú ilé, ìdánwò ni. Ohùn tí ó wá ní ọ̀gànjọ́ tí ó wí pé, “Ẹbọ kékeré ni, ẹnìkan kì yóò mọ̀,” ìdẹwò ni. Kí a dán ènìyàn wò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ó gbé ìdẹ mì ni ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa wa pàápàá gbààwẹ̀ 40 ọjọ́ nínú aginjù, ebi sì pa á nítòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ òkúta di àkàrà nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Ìkẹ́nnẹ́, Dáfídì Awólọ́wọ̀, àgbẹ̀ tí ó tún ń fi ayùn la gẹdú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi. Baba rẹ̀ jẹ́ ìjòyè nínú Ìwàrẹ̀fà àwọn Òṣùgbó. Ìyá rẹ̀ sì ń bọ Ifá. Nínú ilé tí a gbé bí i ni ó ti yàtọ̀. Kò sì dákẹ́: ó máa ń takò àwọn tí ń bọ Ọbalúayé, òrìṣà tí àwọn baba wa bẹ̀rù púpọ̀ nítorí àrùn ṣànpọ̀nná. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1920, Dáfídì Awólọ́wọ̀ kú. Ṣànpọ̀nná ni ó pa á. Ọmọ rẹ̀ Ọbáfẹ́mi, ẹni tí gbogbo Nàìjíríà wá mọ̀ lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọ ọdún 11.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò mi orí, yóò sì wí pé, “Ẹ kò rí i? Òrìṣà ni ó jà.” Ẹ ṣọ́ra, nítorí ìdẹ gan-an nìyẹn. Ṣànpọ̀nná jẹ́ àrùn tí ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ó pa Kristẹni, ó sì pa abọ̀rìṣà. Nígbà tí a fún àwọn ènìyàn ní àjẹsára káàkiri, ó kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1970. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ ní gbogbo ayé. Bí ó bá ṣe pé òrìṣà ni, àjẹsára kì bá tí lé e lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbàgbọ́ kọ oògùn oníṣègùn. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìmọ̀ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: ìgbàgbọ́ Dáfídì kò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn. Ibòmíràn ni ó ti ṣẹ́gun. Ìbẹ̀rù tí ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wólẹ̀ kò mú òun wólẹ̀. Ikú lè pa ẹni tí ó ṣẹ́gun. Kò lè sọ ọ́ di ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Ògèrè, nínú ilẹ̀ Rẹ́mọ kan náà. Josiah Òṣítẹ̀lú jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rí ìran ẹ̀rù ní òru ní ọdún 1925. Ó rò pé àwọn àjẹ́ ni, ó sì wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ aládùúrà ni ó là á yé e pé ìdánwò ìgbàgbọ́ ni, ó sì ní kí ó kó gbogbo oògùn ìṣọ́ra dànù, kí ó gbààwẹ̀, kí ó máa fi Sáàmù gbàdúrà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1930 ni ó dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní Ògèrè. Àwọn ìjọ kò fi ẹnu kò lórí gbogbo ohun tí ó kọ́ni lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ni fún wa gbogbo. Kò gbàdúrà kí ó sì fi òǹdè pamọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Àwa a máa gba ara wa níyànjú pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, fún ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ ojú omi kan, tí ó fi èkejì sínú òmíràn, odò ni yóò gbà á. Kì í ṣe agbára ìdẹwò ni ó ń ṣẹ́gun wa jù, bí kò ṣe ilẹ̀kùn kejì tí a fi sílẹ̀ láì tì.

Kí a má sì rò pé ojúbọ nìkan ni ilẹ̀kùn yìí wà. A mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ́ obì gbànja, láti Ṣàgámù ni a sì ti ń kó o lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ẹni tí ó to obì tí kòkòrò ti jẹ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, tí ó fi èyí tí ó dára bò ó lókè, òun náà ti wí nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run nìkan kò tó láti bọ́ òun. Ìdẹ kan náà ni. Ìwọ̀ kan náà ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Èkíní, kí a mọ ìdẹ ní òwúrọ̀ rẹ̀, kí a má ṣe dúró bá a rojọ́. Olúwa wa kò bá ọ̀tá dá ọjà, ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ ni ó fi dá a lóhùn. Ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ àlàáfíà kì yóò rí i lò ní ọjọ́ ìpọ́njú. Èkejì, kí a má ṣe dá gbé e. Ẹni tí ó gba Òṣítẹ̀lú nímọ̀ràn jẹ́ ènìyàn bí tiwa; bí arákùnrin rẹ bá wà nínú àìsàn tàbí gbèsè, lọ bẹ̀ ẹ́ wò kí ohùn ọ̀gànjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ti ilẹ̀kùn kejì. Ohun tí a fi pamọ́ nítorí pé a kò mọ̀la, òun náà ni yóò pè wá padà.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run kò ṣèlérí fún wa pé òjò kì yóò rọ̀. Ó ṣèlérí pé òun kì yóò jẹ́ kí a dán wa wò ju bí a ti lè gbà lọ. Ẹ lọ sí ilé yín, kí olúkúlùkù wo abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ agbọ̀n rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn kan ṣoṣo, kí ó sì pa á mọ́ títí dé òpin.