Ọmọ ajá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn: ohun tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò

Àwọn kókó ọ̀rọ̀

• Nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi ń mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o.
• Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo.
• Nínú 10 ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, nǹkan bí 4 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.
• Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà àrùn yìí lára ajá àti lára ènìyàn.

Àlàyé

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a máa ń fi ọmọ ajá ta ara ẹni lọ́rẹ, yálà kí ó lè ṣọ́ ilé tàbí kí inú àwọn ọmọ lè dùn. Ẹ̀bùn rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ẹlẹ́mìí ni. Ó lè lò ju ọdún 10 lọ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, oúnjẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ sì di ojúṣe ẹni náà.

Ewu tó wà níbẹ̀

Inú itọ́ ẹranko ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi ń gbà dé ara ènìyàn, bí ẹranko náà bá gé e jẹ, tó ha á lára, tàbí tó lá ojú egbò rẹ̀. Ọmọ ajá pàápàá lè ní in. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí àmì tó hàn, nítorí náà a kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ara rẹ̀ dá. Ọmọ ajá tún máa ń ní aràn inú, tó lè ran àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lórí ilẹ̀ tó ṣu sí.

Kí ẹ tó fún ènìyàn ní ọmọ ajá

• Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá òun àti ará ilé rẹ̀ fẹ́ ajá. Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ta ni yóò máa san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀? Ajá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sábà máa ń di ajá ìgboro.
• Ẹ má ṣe já a gbà lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8.
• Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún oògùn aràn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3, a ó sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan.
• Ẹ fa káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé ẹni náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ajá náà.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kódà bí ó bá kéré. Ẹ má ṣe fi ata, epo tàbí ewé sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa sọ fún àgbà bí eyín ajá bá kàn wọ́n, ìbáà jẹ́ nínú eré.

Akitiyan àgbáyé

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ kí ó tó ọdún 2030 tí ẹnikẹ́ni kò ní kú mọ́ nípasẹ̀ dìgbòlugi tí ajá ń kó ranni. Bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn kálẹ̀. Ọmọ ajá tó bá dé ilé titun pẹ̀lú káàdì rẹ̀ wà lára wọn.