Oko tí kò mọ ọ̀dá: Kí ni àwọn ènìyàn ń wá nínú géèmù àgbẹ̀ àti géèmù akọni?

Bí ènìyàn bá sọ fún àgbẹ̀ kan pé àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra àǹfààní láti máa roko, pé wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì máa bomi rin ẹ̀fọ́ títí di ọ̀gànjọ́ òru, ohun tí àgbẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n máa kó wọn bọ̀ ní oko òun. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Stardew Valley. Olórí iṣẹ́ inú rẹ̀ ni kí ènìyàn gbin nǹkan, kí ó bomi rin ín, kí ó kórè rẹ̀, kí ó sì tà á. Kí ọdún 2024 tó parí, iye tí wọ́n ti tà nínú rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 41 lọ. Kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n sì rà á.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn ènìyàn ń rí níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ èrò tèmi nípa rẹ̀. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ mẹ́nu ba irú géèmù mìíràn tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, èyí tí akọni kan ti máa ń kúrò nílé lọ dojú kọ ewu. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, bí ojú wọn kò tilẹ̀ jọra.

Ní ọdún 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì bíi ti lúdò ni wọ́n fi ń ta á. Olúkúlùkù á gbé ìwà kan wọ̀: ẹnì kan á di jagunjagun, ẹnì kan á di oṣó, ẹnì kan á di àlùfáà. Wọ́n á kọ iye agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bí ó bá sì ti ń borí ọ̀tá ni agbára náà yóò máa pọ̀ sí i láti ipele dé ipele. Ní 1981, eré méjì tí wọ́n ń jẹ́ Ultima àti Wizardry gbé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1986, ọ̀gbẹ́ni kan ní Japan, Yuji Horii, mú ohun tí ó rí nínú méjèèjì, ó sọ ọ́ di ìrọ̀rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè ta á lórí ẹ̀rọ Nintendo kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Dragon Quest ni ó pè é.

Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kò ní í ṣe àjèjì sí ètò yìí. Àkàrà-oògùn kò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tí ń tu ẹni lójú, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Géèmù akọni kò kọ́ ọ lọ́wọ́ Fágúnwà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí a gbà ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe géèmù náà gbà, wọ́n kàn fi ìṣirò sí i ni: ìtàn náà kò ní í tẹ̀ síwájú àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ṣe iṣẹ́ tí yóò mú un tẹ̀ síwájú.

Iṣẹ́ náà kò sì kéré. Dragon Quest àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Japan kò lè rántí ibi tí ènìyàn bá a dé. Bí o bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, wàá lọ bá ọba, ọba á sì ka ọ̀rọ̀ kan fún ọ tí ó jẹ́ ogún lẹ́tà, tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Wàá dà á kọ sínú ìwé. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan péré kọ, ìlẹ̀kùn kò ní í ṣí mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo òógùn rẹ ti lọ nìyẹn. Bí ọ̀tá bá pa ọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á jí ọ dìde níwájú ọba, ṣùgbọ́n ìdajì owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ti wọmi. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé nígbà tí apá kẹta jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1988, tí ó bọ́ sí Ọjọ́rú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò lọ sí ilé-ìwé, orí ìlà ni wọ́n wà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Èmi kò fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn géèmù àtijọ́ wọ̀nyí, bí o bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀tá dé. Bí o bá tún gbé mẹ́wàá, ọ̀tá mìíràn dé. Ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn á máa yí po lójú kan náà fún wákàtí méjì, tí yóò máa pa kòkòrò kan náà, kí agbára rẹ̀ lè tó láti kọjá afárá kan. Òpò lásán ni, àwọn tí ó ṣe é sì mọ̀ pé òpò lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó tìdí òpò yìí jáde tí n kò rí irú rẹ̀ nínú géèmù mìíràn. Nínú Final Fantasy VII, tí ó jáde ní 1997, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Aerith wà lára àwọn tí ó bá akọni rìn. Òun ni ó ń wo àwọn yòókù sàn bí wọ́n bá fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ń ta géèmù náà á tọ́ ọ láti ipele dé ipele, á ra aṣọ ìjà fún un, á ra ọ̀pá fún un. Kí ìtàn náà tó dé ìdajì, ọ̀tá gún un ní idà, ó sì kú. Kò sí oògùn tí ó lè jí i. Gbogbo iṣẹ́ tí o ṣe sí i lára bá a lọ. Àwọn àgbàlagbà wà lónìí tí wọ́n ṣì ń rántí ibi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí ó fi dùn wọ́n kò ju pé iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni ó kú lójú wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wọ oko.

Yasuhiro Wada ni orúkọ ẹni tí ó dá géèmù àgbẹ̀ sílẹ̀. Ìgbèríko ni wọ́n ti bí i, ní agbègbè Miyazaki ní gúúsù ilẹ̀ Japan, kí ó tó lọ wá iṣẹ́ sí ìlú Tokyo. Ariwo Tokyo ni ó mú kí ó máa rántí ilé. Ó ronú pé ó yẹ kí géèmù kan wà tí kò ní ogun nínú, tí ènìyàn yóò kàn máa ṣiṣẹ́, tí yóò sì máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà kógbá wọlé kí iṣẹ́ tó parí, Wada àti àwọn díẹ̀ tí ó kù ni wọ́n jìjàdù rẹ̀ títí ó fi jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1996. Harvest Moon ni wọ́n pè é nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún kejì. (Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lónìí ṣọ́ra: láti 2014, Story of Seasons ni iṣẹ́ àwọn tí ó ni ín gan-an ń jẹ́ níbẹ̀. Orúkọ Harvest Moon ti kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá wọn tà á tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ géèmù mìíràn.)

Nínú ti 1996 yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fi oko bàbá àgbà rẹ̀ tí igbó ti bò sílẹ̀ fún. Ohun ọ̀gbìn mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀, àgbàdo àti tòmátì sì wà lára wọn. Ó ń sin adìẹ àti màlúù. Ajá igbó lè pa adìẹ tí ó bá sùn síta, ìjì lè ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, màlúù tí a kò bá sì tọ́jú lè ṣàìsàn kí ó sì kú. Ọdún méjì àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó wá gbé géèmù àgbẹ̀ dé ibi tí ó dé lónìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Eric Barone. Ó jáde ní yunifásítì ní 2011, kò ríṣẹ́. Ó ní kí òun fi géèmù kan kọ́ ọwọ́, irú Harvest Moon tí òun fẹ́ràn ní kékeré. Ó ju ọdún mẹ́rin lọ tí ó fi dá ṣe é: òun ni ó ya àwòrán rẹ̀, òun ni ó kọ orin rẹ̀, òun ni ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará abúlé. Lálẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn eré kan ní ìlú Seattle, ó ń fi àga han àwọn tí ó wá wòran. Oṣù kejì ọdún 2016 ni Stardew Valley jáde.

Ẹ wo bí oko inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni ọdún ní, ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ 28. Olórí ìlú fún ọ ní irúgbìn 15 láti fi bẹ̀rẹ̀, ti ewébẹ̀ funfun kan tí ó dà bí kárọ́ọ̀tì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní parsnip. Bí o bá bomi rin ín lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò gbó. Góòlù 35 ni wọ́n ń ra ẹyọ kan, ó kéré tán. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di góòlù 525. Góòlù 20 ni irúgbìn kan, nítorí náà wàá ra 26. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mìíràn, ó ti di góòlù 910. Bí o bá gbàgbé láti bomi rin ín lọ́jọ́ kan, kò ní í kú, ó kàn máa dúró dè ọ́ ni. Ẹyẹ ìwò lè ṣá díẹ̀ jẹ bí o kò bá ri aṣọ́komásùn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dá, kò sí eéṣú, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa gbogbo oko.

Èyí tí ó jọ mí lójú jù lọ ni owó ọjà. Bí o bá kó parsnip kan wá, góòlù 35. Bí o bá kó ẹgbẹ̀rún kan wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, góòlù 35 náà ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kó tòmátì dé ọjà lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé kó tirẹ̀ dé mọ̀ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ẹ̀rù àgbẹ̀ kì í ṣe kí oko má so nìkan. Ó tún ń bẹ̀rù kí ti gbogbo ènìyàn so papọ̀. Géèmù yìí mú ẹ̀rù méjèèjì kúrò. Ó mú alágbàtà kúrò, ó mú ọkọ̀ tí ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà kúrò, ó sì mú ẹ̀yìn ríro kúrò. Ohun tí ó kù ni àdéhùn kan tí kì í yẹ̀: ṣiṣẹ́ lónìí, gba owó rẹ lọ́jọ́ kẹrin.

Èrò tèmi ni pé àdéhùn yìí ni àwọn mílíọ̀nù ènìyàn ń rà, kì í ṣe oko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ níbi tí òógùn wọn kò ti hàn sí ẹnikẹ́ni, tí ẹni tí ó ṣe dáadáa àti ẹni tí ó sùn ń gba owó kan náà. Bí wọ́n bá dé oko Barone lálẹ́, wọ́n á fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ṣe. N kò rí àbùkù nínú ìyẹn. Ibi tí ó ti ń kọ mí lóminú ni bí ẹni tí kò de oko rí bá bọ́ síta pẹ̀lú èrò pé ìmẹ́lẹ́ ni ó ń mú àgbẹ̀ tòsì.

Àwọn tí ó ṣe Farming Simulator ní ilẹ̀ Switzerland láti 2008 sún mọ́ òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Katakata gidi ni wọ́n ń wà níbẹ̀, gbèsè báńkì wà, owó ọkà sì ń já wálẹ̀ bí ènìyàn bá dà á sí ojú kan jù. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ. Èmi máa ń sùn lórí rẹ̀.

FarmVille ni n kò lè gbè lẹ́yìn. Ní 2009 ni ilé-iṣẹ́ Zynga gbé e sórí Facebook lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ó ti ju mílíọ̀nù 80 ènìyàn tí ń ta á lóṣù. Nínú tirẹ̀, ohun ọ̀gbìn á rọ bí o kò bá tètè padà dé, ẹni tí kò bá fẹ́ dúró á fi owó gidi yára, ẹni tí kò bá lówó á máa yọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Wọ́n sọ àdéhùn náà di okùn ọrùn. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2020 ni wọ́n tì í pa, nítorí pé Flash tí ó gbé e ró ti kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo oko náà pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ti ẹni tí ó sanwó àti ti ẹni tí kò san.

Ohun kan ni mo fi gbà pé Wada ju Barone lọ. Nínú géèmù ti 1996, bí ọdún méjì àbọ̀ bá ti pé, àwọn òbí ọmọ náà á padà wá wo oko. Bí o ṣe ṣe é ni wọn yóò ṣe bá a, géèmù náà á sì parí síbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ikú Aerith, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ó lè yí i padà, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi wúwo. Nínú Stardew Valley, ẹ̀mí bàbá àgbà ni ó ń padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, a sì máa tan àbẹ́là sí ojúbọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ènìyàn bá ti rí, láti orí ẹyọ kan dé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá rí mẹ́rin gbà kò ní láti bọkàn jẹ́. Bí ó bá gbé dáyámọ́ńdì kan sí ojúbọ náà, bàbá àgbà á tún padà wá wò ó, iye ìgbà tí ó bá wù ú.