Báwo Ni Oko Yín Ṣe Tóbi Tó? Ẹ Fi Okùn Wọ̀n Ọ́n

Bí katakata bá ro oko tán, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọn ibi tó gùn jù, wọ́n á wọn ibi tó fẹ̀ jù, wọ́n á fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wọ́n á ní kí ẹ mówó wá. Bí oko yín bá rí bíi ojú tábìlì, ìṣirò wọn dára. Ṣùgbọ́n oko mélòó ló rí bẹ́ẹ̀? Odò gé e níhìn-ín, àpáta yọrí lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká mú oko kan bí àpẹẹrẹ. Ẹ na okùn lẹ́bàá ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, tó sì tọ́. Ká ní ó jẹ́ mítà 100. Nọ́ḿbà méjì péré la fẹ́ fún igun kọ̀ọ̀kan: mítà mélòó lẹ rìn lórí okùn, àti mítà mélòó lẹ yà wọnú oko kí ẹ tó kan igun náà. Igun kìn-ín-ní jẹ́ 0 àti 0. Ìkejì, 100 àti 0. Ìkẹta, 80 àti 60. Ìkẹrin, 20 àti 50.

Ibi tí ẹ ti yà yẹn ni ojú ti máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wá okùn mítà 12, ẹ ta kókó sí i ní mítà 3 àti mítà 7, ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi èèkàn mẹ́ta nà án le. Igun tó wà láàárín apá mítà 3 àti apá mítà 4 ló tọ́ bíi igun tábìlì. Ẹ bi bíríkìlà àdúgbò yín, ó mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan ìṣirò. Ẹ to àwọn igun náà sísàlẹ̀ ara wọn bí ẹ ṣe yí oko ká, kí ẹ tún kọ igun kìn-ín-ní sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ti igun kan sọ nọ́ḿbà kejì ti igun tó tẹ̀ lé e di púpọ̀. Ẹ tún ṣe é ní ìdàkejì, bí ìgbà tí à ń so okùn bàtà, kí ẹ wá yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Láti igun kejì sí ìkẹta: 100 lọ́nà 60 jẹ́ 6,000, 80 lọ́nà 0 jẹ́ òfo, ó ku 6,000. Láti ìkẹta sí ìkẹrin: 80 lọ́nà 50 jẹ́ 4,000, 20 lọ́nà 60 jẹ́ 1,200, ó ku 2,800. Òfo ni àwọn yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,800. Ẹ pín in sí méjì: mítà onígun mẹ́rin 4,400.

Éékà kan jẹ́ 4,047. Oko yín fi díẹ̀ lé ní éékà kan nìyẹn. Awakọ̀ fi 60 sọ 100 di púpọ̀, ó ní 6,000, ó kù díẹ̀ kó pé éékà kan àti ààbọ̀. Owó ilẹ̀ tí kò sí lẹ fẹ́ san un! Ajílẹ̀ náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ àpò 8 lẹ̀ ń lò fún hẹ́kítà kan, tí í ṣe 10,000, àpò mẹ́ta àti ààbọ̀ tó yín. Ìṣirò ti awakọ̀ á mú yín ra bíi márùn-ún.

Ẹni tí kò bá gbà lè gé oko náà sí mẹ́ta níbi tí ẹ ti yà: 500, 3,300 àti 600. 4,400 náà ni. Bí ẹ bá sì gbé okùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, nọ́ḿbà igun á yí padà, ilẹ̀ ò ní yí. Bí iye tó jáde bá dín sí òfo, òdìkejì lẹ gbà yí oko ká. Iye náà ṣì tọ̀nà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé bí oko tuntun bá gùn ní ìlọ́po méjì, tó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ṣé irúgbìn ìlọ́po méjì ni kí àwọn rà. Ó tì o. Ẹ sọ gbogbo nọ́ḿbà òkè yìí di ìlọ́po méjì, kí ẹ tún un ṣe: 17,600 ló máa jáde. Ìlọ́po mẹ́rin ni, irúgbìn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin.