Sìmẹ́ntì Inú Egungun: Kí Ni Ó Ń Mú Un Yi?

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí ni sìmẹ́ntì tí àwọn oníṣègùn fi ń mú oríkèé àtọwọ́dá dúró nínú egungun ẹni tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ti jẹ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Charnley bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí irin kékeré àti ife oníke rọ́pò oríkèé ìbàdí. Ohun tí ó fi mú wọn dúró jẹ́ irú èyí tí a fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá.

Orúkọ náà lè ṣi ni lọ́nà. Sìmẹ́ntì yìí kì í ṣe àtè. Ó ń dí àlàfo tí ó wà láàárín irin àti egungun, ó sì ń pín ẹrù ara káàkiri, gẹ́gẹ́ bí ègé igi tí àgbẹ̀ ki bọ ẹ̀gbẹ́ èèkù àáké kí ó má baà mì.

Lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 40 ni a sábà máa ń pò mọ́ omi rẹ̀ mìlílítà 20. Ooru a jáde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó sì le. Ìlànà àgbáyé ISO 5833 béèrè pé, bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó lè gba nǹkan bí ẹrù kìlógíráàmù 700 lórí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, nǹkan bí 500 ni a béèrè. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń gbé ìṣísẹ̀ tó mílíọ̀nù 1 lọ́dún.

Níbo wá ni ewu wà? Bí a ti ń fi ọwọ́ rò ó nínú abọ́ ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, ibi ihò afẹ́fẹ́ wọ̀nyí ni ó sì ti ń sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí sìmẹ́ntì bá sán, irin lè mì, ìrora a padà dé. Iṣẹ́ abẹ kejì a sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí egungun tí ó kù ti dín.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn, láàárín ọdún 1980 sí 1989, fi bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó nínú ohun èlò tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n tún ń fi omi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú egungun, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó bá dà pọ̀ mọ́ ọn a máa sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí a kúkú bu nǹkan kún un. Ní Hamburg, ní Jámánì, Buchholz fi oògùn jentamísìn sí i láti pa kòkòrò àrùn. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá pọ̀ jù, agbára sìmẹ́ntì a dín. Bí ó bá sì jẹ́ olómi, àbùkù náà a tún pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé èròjà tuntun kan dé tí yóò mú un yi sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: báwo ni a óò ṣe pò ó?