Àlejò àti Èèwọ̀: Ojúṣe Arìnrìn-àjò ní Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

ÌFÁÁRÀ
Àwọn Yorùbá gbà pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú. Ohun tí ó ń fi yé ni ni pé ìtumọ̀ ohun tí ojú rí ní ìlú onílùú, ọwọ́ onílé ni ó wà. Bébà yìí yẹ ojúṣe àwọn tí ń rìnrìn-àjò lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wò. Èrò tí ó dúró lé lórí ni pé èèwọ̀ tí ń ká àlejò lọ́wọ́ kò gan-an ni ó pa ohun tí àlejò wá wò mọ́.

ÈÈWỌ̀ ÀTI IGBÓ
Púpọ̀ nínú igbó òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti di oko tàbí ilé. Ti Òṣogbo ṣẹ́kù nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ, kí ó pẹja tàbí kí ó gé igi níbẹ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé ẹja ni Ọ̀ṣun rán sí Láróòyè, tí ó tẹ́wọ́ gbà á. Níbẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti jáde. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èèwọ̀ yìí sí mọ́. Àwọn àwòrò, Susanne Wenger (Àdùnní Olórìṣà) àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ni wọ́n dìde láti gba igbó náà sílẹ̀. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Òfin ni ó tẹ̀lé èèwọ̀. Èèwọ̀ ni ó ṣáájú.

ÌRAN TÀBÍ ÌSÌN?
Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ, Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, a máa ru igbá ẹbọ láti ààfin lọ sí etí odò. Ìgbàgbọ́ àwọn olùsìn ni pé kò gbọdọ̀ kọsẹ̀, nítorí ire ìlú ni ó rù. Lójú wọn, ìsìn ni. Lójú ẹni tí ó gbé kámẹ́rà, ìran ni. Ẹni tí ó bá sáré dí i lọ́nà nítorí fọ́tò ti fi àdúrà odindi ìlú wewu.

Kì í ṣe àwọ̀ ara ni a fi ń mọ àlejò. Olùsìn Ọ̀ṣun tí ó ti Bùràsíìlì tàbí Kúbà wá lè mọ ìwà tí ó yẹ ju ọmọ Yorùbá tí ó wá ṣe fàájì lọ.

OJÚṢE TỌ̀TÚN-TÒSÌ
Ó yẹ kí àlejò tọrọ àyè kí ó tó ya àwòrán, kí ó dúró níbi tí wọ́n bá dá a dúró sí, kí ó má sì ju ọ̀rá tàbí ike sínú odò. Ó yẹ kí onílé náà sọ èèwọ̀ fún un kí ó tó wọlé, nítorí èèwọ̀ tí a fi pamọ́ fún àlejò, ìdẹkùn ni.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀
Àwọn kan lè sọ pé ìkálọ́wọ́kò yóò dín owó tí ń wọ ìlú kù. Ṣùgbọ́n igbó ni ó ń fa owó náà wá, èèwọ̀ ni ó sì dá igbó sí. Àlejò tí ó pa èèwọ̀ mọ́ kò ṣe onílé lóore lásán. Ó ń dáàbò bo ohun tí ó mú òun fúnra rẹ̀ wá.